Ẹyẹ Ilẹ̀ Ẹ̀gbá

Ẹni tí ó wo òkè Olúmọ nìkan kò tíì rí ilẹ̀ Ẹ̀gbá tán. Inú oko ni àparò ń gbé. Agbe kì í fẹ́ kúrò lórí igi ńlá. Lékeléke, tí àwọn ọmọdé ń tọrọ èékánná funfun lọ́wọ́ rẹ̀, a dé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bí òjò bá fẹsẹ̀ múlẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn a padà sí Òkè Ọya. Alápàńdẹ̀dẹ̀ kan tilẹ̀ wà tí ó ń ti Yúróòpù fò kọjá aṣálẹ̀ Sàhárà wá!

Ṣùgbọ́n bí a bá gé igi ńlá tán, níbo ni agbe yóò bà sí? Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ gba kànnàkànnà lọ́wọ́ àwọn ọmọ, kí ẹ fún wọn ní ìwé, kí wọ́n máa kọ ọjọ́ tí lékeléke kìn-ín-ní bá dé lọ́dọọdún.