Ìbọn Ìṣeré Kì Í Ṣe Eré Nínú Bààlúù

 

Púpọ̀ nínú wa ló ń wọ bààlúù báyìí. Ẹlòmíì ń lọ rajà ní Dùbáì tàbí Ṣáínà, ẹlòmíì ń lọ wẹ ọmọ tuntun fún ọmọ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, àwọn mìíì ń lọ Mẹ́kà tàbí Jerúsálẹ́mù. Ìyá kì í sì í padà sílé lọ́wọ́ òfo, a ó ra nǹkan ìṣeré fún ọmọ-ọmọ. Ibẹ̀ ni ìbọn ìṣeré ti ń kó bá wa. Bí ẹ̀rọ tó ń yẹ ẹrù wò bá rí i nínú báàgì ọwọ́, wọ́n á tú ẹrù, wọ́n á gbà á. Inú á wá bí ìyá: “Ṣebí rọ́bà ni! Ta ni rọ́bà lè pa?”

Ẹ jẹ́ ká rò ó wò. Bí ẹnì kan bá na ìbọn sí awakọ̀ lójú òfurufú, ta ló fẹ́ sún mọ́ ọn láti wò ó bóyá irin ni àbí rọ́bà? Kò síbi téèyàn máa sá sí. Bí ìbọn gidi ṣe ń dẹ́rù bani náà ni ti ìṣeré ń dẹ́rù bani. Ìbẹ̀rù yẹn gan-an ló ń pani.

Ẹ gbọ́ èyí. Ní ọjọ́ 23 oṣù kọkànlá ọdún 1996, bààlúù Ethiopian Airlines kan gbéra ní Addis Ababa. Ó fẹ́ gba Nairobi àti Brazzaville kó tó dé Èkó wa níbí. Ọkùnrin mẹ́ta dìde, wọ́n wọlé tọ awakọ̀, wọ́n ní àwọn ní bọ́ǹbù, kó gbé àwọn lọ sí Ọsirélíà. Awakọ̀ ní epo ọkọ̀ kò lè dé ibẹ̀, wọn ò gbà. Epo tán lókè, bààlúù já sínú òkun létí erékùṣù Kòmórò. Nínú èèyàn 175 tó wà nínú rẹ̀, 125 ló kú. Nígbà tí wọ́n wádìí rẹ̀, bọ́ǹbù tí wọ́n ń wí, ìgò ọtí tí wọ́n fi nǹkan bò ni!

Ní oṣù kejì ọdún 1993, ọ̀dọ́mọkùnrin kan fi ìbọn já bààlúù Lufthansa tó ń ti Frankfurt lọ sí Addis Ababa gbà, ó ní kí wọ́n gbé e dé New York. Irú ìbọn tí wọ́n ń yìn káwọn eléré ìje lè bẹ̀rẹ̀ sí í sáré ni, ariwo lásán ló wà nínú rẹ̀. Ọlọ́run yọ wọ́n, ẹnikẹ́ni ò kú. Ṣùgbọ́n awakọ̀ ò mọ̀ nígbà náà.

Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Lójú ẹ̀rọ, ìbọn ni ìbọn ń jẹ́. Òṣìṣẹ́ aláàbò ò lè mọ ti ìyá àgbà yàtọ̀ sí ti ọ̀daràn. Nílé níbí náà, ọlọ́pàá ti mú adigunjalè tó jẹ́ ìbọn ìṣeré ló fi ń gba owó ọlọ́wọ́.

Nítorí náà:

1. Ẹ má fi ìbọn ìṣeré sínú báàgì ọwọ́, títí kan ìbọn olómi àti ìṣáná alátẹ̀ tí wọ́n ṣe bí ìbọn. Ẹ yẹ báàgì àwọn ọmọ wò pẹ̀lú.

2. Bó bá jẹ́ inú ẹrù tó ń lọ sísàlẹ̀ bààlúù lẹ fẹ́ fi í sí, ẹ kọ́kọ́ bi iléeṣẹ́ bààlúù léèrè. Ní Amẹ́ríkà, bọ́ǹbù àfọwọ́jù ìṣeré ò gbọdọ̀ wọ inú ẹrù kankan rárá.

3. Ẹ̀yin tí ẹ ń kó nǹkan ìṣeré wọlé tà, ìbọn ìléwọ́ tó ń fi afẹ́fẹ́ yìn àti èyí tí wọ́n ṣe bíi nǹkan mìíì wà nínú ohun tí Kọ́sítọ́ọ̀mù Nàìjíríà kà léèwọ̀.

4. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ bọ́ǹbù dápàárá. Bí wọ́n bá sì gba nǹkan lọ́wọ́ yín, ẹ má bá wọn jà. Owó ìbọn rọ́bà ò tó owó tíkẹ́ẹ̀tì.

Bọ́ọ̀lù ń bẹ, bèbí ń bẹ, ẹ ra ìyẹn fún wọn. Àlọ wa, àbọ̀ wa, Ọlọ́run á máa ṣọ́ wa o. Àmín.