Orogún Ha Wà ní Ọ̀run Bí?

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí jẹ́ ti ìjọ mìíràn. Síbẹ̀ mo bẹ̀ yín, ẹ fi sùúrù kà á. Ní Akóbọ̀ níhìn-ín a máa ń rí àwọn ọ̀dọ́ oníwàásù tí ń rìn ní méjìméjì nínú ẹ̀wù funfun. Ará Ìjọ Jésù Krístì ti àwọn Ènìyàn Mímọ́ Ọjọ́ Ìkẹyìn ni wọ́n, àwọn tí gbogbo ayé ń pè ní Mọ́mọ́nì. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1978 ni míṣọ́nnárì wọn dé Nàìjíríà. Anthony Obinna wà nínú àwọn àkọ́kọ́ tí wọ́n rì bọmi, aya rẹ̀ Fidelia ni wọ́n sì fi ṣe olórí Ẹgbẹ́ Ìrànlọ́wọ́ àwọn obìnrin, ẹgbẹ́ tí a dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1842.

Àwọn obìnrin ìjọ yìí kì í ṣe ojo rárá. Ní Utah, ilẹ̀ tí àwọn Mọ́mọ́nì tẹ̀dó, obìnrin ti ń dìbò ní 1870. Ní 1896 Martha Hughes Cannon, oníṣègùn, bá ọkọ ara rẹ̀ du ipò aṣòfin. Ìyàwó wọlé, ọkọ kò wọlé! Ọkọ náà, ẹ jọ̀wọ́, ju ìyàwó kan lọ ni ó ní.

Ìjọ náà ti kéde ní 1890 pé òun fi ìkóbìnrinjọ sílẹ̀, olórogún kò sì lè ṣe ìrìbọmi níbẹ̀ lónìí. Ṣùgbọ́n ìgbàgbọ́ wọn ni pé tọkọtaya tí a bá so pọ̀ nínú tẹ́ḿpìlì, bí èyí tí wọ́n yà sí mímọ́ ní Aba ní 2005, di ti ara wọn títí ayérayé. Bí aya bá kú, a lè so ọkùnrin náà pọ̀ mọ́ òmíràn bákan náà. Obìnrin tí ó wà láàyè kò lè ní ju ọkọ kan ṣoṣo lọ nínú irú ìsopọ̀ yìí. Ibẹ̀ ni ẹkún wà. Ní 2016 Carol Lynn Pearson, ọmọ ìjọ náà, ṣe ìwé tí ó kún fún ohùn àwọn obìnrin tí ẹ̀rù orogún ọ̀run ń bà. Ẹ̀yin tí a tọ́ dàgbà ní ilé olórogún kò nílò àlàyé. Ẹ mọ oúnjẹ tí a ń fi ọjọ́ pín sè. Ẹ mọ bí ó ti rí láti gbọ́ ẹ̀rín ọkọ ẹni láti inú yàrá ẹlòmíràn. Ta ni yóò fẹ́ gbé èyíinì wọ ìyè àìnípẹ̀kun?

Ní 1995 ìjọ náà kéde ìlànà ìdílé: kí bàbá ṣe olórí ilé, kí ìyá tọ́jú ọmọ, kí wọ́n sì ran ara wọn lọ́wọ́ bí ọgbà. Chieko Okazaki, tí ó wà nínú àwọn mẹ́ta tí ń ṣe àkóso ẹgbẹ́ obìnrin náà nígbà náà, sọ lẹ́yìn náà pé a kò bi àwọn léèrè kí a tó kọ ọ́. Kate Kelly, tí ó ní kí a fi obìnrin jẹ oyè àlùfáà, ni wọ́n yọ lẹ́gbẹ́ ní 2014.

Síbẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ráhùn. Ọkọ tí kì í fẹnu kan ọtí, tí ń jókòó ti àwọn ọmọ rẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ Ajé fún àdúrà àti ẹ̀kọ́, kì í ṣe ẹ̀bùn kékeré fún obìnrin Ìbàdàn, èmi kò sì ní bá a jiyàn.

Kí àwa ọmọ Áńgílíkà má sì tíì rẹ́rìn-ín. Ní 1993 bíṣọ́ọ̀bù Kwara fi obìnrin mẹ́ta jẹ díákónì. Àwọn àgbà ìjọ wa fagi lé e.

Ẹ̀yin ìyá, mo ń retí lẹ́tà yín: nígbà tí a ṣe ìpinnu ńlá kẹ́yìn ní ilé yín, ta ni ó bi yín léèrè? Kí ọkọ má ṣe bá yín kọ ọ́.