Paraquat: Májèlé Tí Kò Ní Ẹ̀rọ̀

Láti ọjọ́ kìíní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2024 ni àjọ NAFDAC, tí ń ṣe àkóso oúnjẹ àti oògùn ní Nàìjíríà, ti fi òfin de oògùn apakoríko tí à ń pè ní paraquat. Ṣùgbọ́n èyí tí a ti rà ṣáájú lè ṣẹ́kù sí kọ̀rọ̀ ilé. Nítorí náà, ó yẹ kí àwọn olùgbin-ẹ̀fọ́ àti gbogbo onílé ní Festac Town àti agbègbè Amuwo-Odofin mọ ewu rẹ̀.

Àṣà tí ó burú jùlọ ni bíbu oògùn yìí sínú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ a gbé e mu, ẹ̀kún ẹnu kan péré sì lè pa ènìyàn. A máa ba kíndìnrín àti ẹ̀dọ̀ jẹ́. Ẹ̀dọ̀fóró a sì máa fà á mọ́ra títí yóò fi le, tí èémí kò ní lè wọlé dáadáa mọ́. Aláìsàn lè dàbí ẹni tí ara rẹ̀ ń yá fún ọjọ́ díẹ̀ kí ìnira yìí tó dé.

Kò sí ẹ̀rọ̀ rẹ̀ níbikíbi ní àgbáyé. Àwọn dókítà a máa fi èédú tí a ṣe fún ìwòsàn gba májèlé náà mú nínú ikùn, wọ́n sì lè fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀. Ṣùgbọ́n kíákíá ni èyí fi ń ṣe àǹfààní. Oxygen pàápàá, tí ń gba ẹ̀mí là nínú àìsàn mìíràn, a máa ran májèlé yìí lọ́wọ́ láti ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Nítorí náà ni wọn kì í fi tètè lò ó.

Àwọn onímọ̀ ń dán ìwòsàn tuntun wò pẹ̀lú stem cell, ìyẹn sẹ́ẹ̀lì tí ó lè tún ẹran ara tí ó bàjẹ́ ṣe. Lára eku ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìdánwò náà ti wáyé. Kò tíì di ìtọ́jú tí a fọwọ́ sí fún ènìyàn. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi owó rẹ̀ fún ẹni tí ó bá ń tà á.

Bí ẹnìkan bá mu májèlé yìí, ẹ má ṣe fún un ní epo pupa, ẹ má sì ṣe fi ipá mú un bì, nítorí yóò tún bó o lọ́fun. Bí ó bá dà sí i lára, ẹ bọ́ aṣọ rẹ̀, kí ẹ sì fi ọṣẹ àti omi wẹ̀ ẹ́. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tí ó sún mọ́ tòsí lójú ẹsẹ̀, kí ẹ mú ìgò náà dání. Láti ibẹ̀ ni wọ́n lè darí rẹ̀ sí LUTH ní Idi-Araba. Ìbáà ṣe pé ó ṣèèṣì, ìbáà ṣe pé ó mọ̀ọ́mọ̀, àkókò ìbáwí kọ́ nìyẹn.

Ẹni tí ó bá ṣì ní paraquat nílé, kí ó má ṣe dà á sí gọ́tà. Kí ó fi í sílẹ̀ nínú ike rẹ̀, kí ó tì í mọ́ ibi tí ọwọ́ ọmọdé kò tó, kí ó sì fi tó NAFDAC létí.