Kí Epo Pupa Má Bàa Ba Òkúta Olówó Ńlá Jẹ́: Bí A Ṣe Ń Yan Síílà fún Pèpéle Ilé Ìdáná

Ní ilẹ̀ Òkun, òkúta kì í ṣe àjèjì. Àpáta gíránáìtì yọ sókè káàkiri agbègbè Kàbà, mábù Jákúrà ní ilẹ̀ Ọ̀wọ́rọ̀ sì ti lókìkí tipẹ́. Kò yani lẹ́nu, nígbà náà, pé àwọn tó ń kọ́lé lóde òní ń tẹ́ òkúta dídán sórí pèpéle ilé ìdáná wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ná owó gọbọi lórí òkúta bẹ́ẹ̀ lè kábàámọ̀ bí epo pupa bá dà sí i lálẹ́, tí ilẹ̀ mọ́, tí àbàwọ́n rẹ̀ kò sì ṣe é fọ̀ kúrò mọ́.

Bí òkúta ti le tó, ó ní àwọn ihò tíntìntín tí ojú kò lè rí. Ibẹ̀ ni omi àti epo ń gbà wọlé. Síílà ni oògùn olómi tí wọ́n fi ń dáàbò bo àwọn ihò náà, oríṣi méjì ló sì wà. Èkínní a máa dúró sójú òkúta bíi fáníìṣì. Ó ń dán lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀bẹ a máa ha á, ìkòkò gbígbóná a sì máa mú un bó. Èkejì a máa wọ inú òkúta lọ láìfi awọ kankan sílẹ̀ lójú rẹ̀. Èyí ló yẹ ilé ìdáná.

Síbẹ̀, àwọn tó ń wọnú òkúta kò dọ́gba. Èyí tí wọ́n fi silane tàbí siloxane ṣe mọ omi lé dáadáa. Èyí tí wọ́n fi fluoropolymer sí ló mọ epo lé pẹ̀lú. Ilé tí wọ́n ti ń se ọbẹ̀ elépo lójoojúmọ́ gbọ́dọ̀ wá èyí tí wọ́n kọ sára rẹ̀ pé ó ń lé omi àti epo, tí kò sì ní pa oúnjẹ lára bó bá ti gbẹ.

Ohun kan wà tí síílà kò lè ṣe. Kálísíọ̀mù kábónéètì ló pọ̀ jù nínú mábù, gẹ́gẹ́ bó ṣe wà nínú òkúta tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ǹtì ní Ọbájànà. Ohun kíkan a máa jẹ ẹ́: ọsàn wẹ́wẹ́, fínígà, tòmátì, àti sobo. Ojú mábù yóò ṣá, àfi kí oníṣẹ́ ọwọ́ tún un dán. Síílà ń dènà àbàwọ́n. Kò lè dènà kíkan. Nítorí náà, gíránáìtì ló sàn fún ẹni tó ń dáná púpọ̀.

Kí a tó ra síílà rárá, ẹ kán omi sórí òkúta, kí ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì nù ún. Bí ojú ibẹ̀ bá dúdú sí i, òkúta náà ń mu omi, ó nílò síílà. Bí kò bá yí padà, ẹ tọ́jú owó yín. Ọ̀pọ̀ gíránáìtì dúdú kò nílò rẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ lò ó, ẹ fọ òkúta, kó gbẹ fún wákàtí 24. Ẹ dán an wò ní kọ̀rọ̀ kan ná. Ẹ ṣí fèrèsé, kí ẹ sì pa iná sítóòfù, nítorí òmíràn a máa gbaná. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú tí wọ́n kọ sára agolo, ẹ nu ìyókù kúrò pátápátá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò gbẹ bí ìkùukùu. Ọṣẹ tí kò le àti omi ni kí ẹ máa fi fọ̀ ọ́ lẹ́yìn náà.

Lọ́dọọdún, ẹ tún kán omi sí i. Kọ́bọ̀ kan kò ní ná yín, yóò sì sọ ìgbà tí síílà ti ń tán.