Ìwọ̀n wáyà inú chip

Ìwọ̀n wáyà inú chip jẹ́ fífẹ̀, nínípọn àti gígùn àwọn wáyà irin tó so àwọn transistor pọ̀ nínú chip kọ̀ǹpútà. Nínú chip òde òní, fífẹ̀ èyí tó kéré jù lọ nínú wọn kò tó ìdá kan nínú 1,000 irun orí ènìyàn. Ohun méjì ló ń darí ìwọ̀n yìí: iye iná mànàmáná tí wáyà lè gbé láìbàjẹ́, àti bí àmì ṣe ń yára gba inú rẹ̀ kọjá.

Ìbàjẹ́ wáyà

Bí iná bá pọ̀ jù nínú wáyà tóóró, àwọn ẹ̀lẹ́ktrọ́nù tó ń ṣàn a máa ti àwọn átọ̀mù irin kúrò ní àyè wọn díẹ̀díẹ̀. Ihò a yọ níbi tí átọ̀mù ti kúrò, títí wáyà yóò fi já. Ibi tí wọ́n kó jọ sí a wú, ó sì lè kan wáyà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ooru a máa mú kí èyí yá sí i. Ìṣirò tí James R. Black ti ilé-iṣẹ́ Motorola gbé jáde ní 1969 fi hàn pé bí iná inú wáyà kan bá di ìlọ́po méjì, ọjọ́ ayé wáyà náà yóò dín kù sí nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin.

Ẹni tí wáyà ilé rẹ̀ bá jóná ní Bọ́ládé, Òṣòdì, lè pe oníṣẹ́ iná kí ó pààrọ̀ rẹ̀. Wáyà inú chip kò ṣeé pààrọ̀. Bí ó bá já, chip náà lè di aláìwúlò. Ìdí nìyí tí a fi ń fẹ wáyà tó ń gbé iná púpọ̀ lójú ṣáájú kí a tó ṣe chip.

Ìyára àmì

Wáyà tó fẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ dènà iná, ṣùgbọ́n ó ń gba àyè, iná tí yóò kún un kí àmì tó yí padà sì pọ̀ sí i. Nítorí náà, fífẹ̀ nìkan kò tó. Ní 1997, IBM kéde pé òun yóò fi bàbà rọ́pò alumíníọ̀mù, nítorí ìdènà bàbà kò ju nǹkan bí ìdá 63 nínú 100 ti alumíníọ̀mù lọ.

Gígùn ló le jù: bí wáyà bá gùn ní ìlọ́po méjì, ìdádúró àmì a di ìlọ́po mẹ́rin. Ní 1996, Kunle Olukotun, ọ̀jọ̀gbọ́n ọmọ Nàìjíríà ní Yunifásítì Stanford, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dábàá pé kí a kó ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ìṣirò kéékèèké sínú chip kan, kí wáyà lè kúrú, dípò ẹ̀rọ ńlá kan ṣoṣo. Olukotun dá ilé-iṣẹ́ Afara Websystems sílẹ̀, orúkọ tó wá láti inú ọ̀rọ̀ Yorùbá náà, afárá. Sun Microsystems rà á ní 2002, iṣẹ́ rẹ̀ sì di UltraSPARC T1 ní 2005, chip tó ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ mẹ́jọ.