Ilé-Ẹ̀kọ́ Ìjọ ní Ilẹ̀ Ìkálẹ̀ àti Owó tí Ìlú ń Dá fún Un

Ẹni tó bá wọ ìlú Òkìtìpupa, kò ní pẹ́ tí yóò fi gbọ́ orúkọ Stella Maris College, ilé-ẹ̀kọ́ tí ìjọ Àgùdà dá sílẹ̀, àti Methodist High School, tí orúkọ rẹ̀ fúnra rẹ̀ ń sọ ìjọ tó pilẹ̀ rẹ̀. Yàtọ̀ sí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti dàgbà wọ̀nyí, àwọn kékeré tún wà tí ìjọ àti onígbàgbọ́ aládàáni ń dá sílẹ̀, tí kíláàsì wọn kò pọ̀, tí olùkọ́ wọn kò sì ju ìwọ̀nba lọ. Ìbéèrè méjì ló máa ń wà lẹ́nu àwọn òbí nípa gbogbo wọn. Èkíní: ta ló ni ilé-ẹ̀kọ́ yìí gan-an? Èkejì: bí wọ́n bá ní kí a dá owó, ṣé dandan ni, àbí ìrànlọ́wọ́ ni? Ìbéèrè kejì yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán, nítorí pé ọmọ tí òbí rẹ̀ kò rí owó náà san lè di ẹni tó jókòó sílé nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń kàwé. Nítorí náà ni a ṣe kọ àlàyé yìí.

Inú ìtàn ni ìdáhùn wà. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ tó wọ kíláàsì kìn-ín-ní lọ́dún náà parí ọdún mẹ́fà wọn ní ìparí ọdún 1960. Níbo ni wọn yóò lọ? Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ Mọ́dà gba díẹ̀ nínú wọn, ṣùgbọ́n girama ni ojú gbogbo òbí wà. Kí girama tó dé ìtòsí, ọmọ Ìkálẹ̀ tó bá fẹ́ kàwé síwájú ní láti fi ilé sílẹ̀ lọ sí ìlú bí Oǹdó, níbi tí Ondo Boys' High School ti wà láti ọdún 1919, tàbí kí ó tilẹ̀ kọrí sí Èkó. Owó ọkọ̀ àti owó ibùgbé nìkan ti tó láti dá ọ̀pọ̀ ọmọ dúró.

Ètò ìjọba nígbà náà ni pé, bí ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ tàbí ti ìlú bá dé ojú ìwọ̀n tí wọ́n là sílẹ̀, ìjọba yóò máa fún un ní owó ìrànwọ́, pàápàá fún owó oṣù olùkọ́. Ṣùgbọ́n kí a tó dé ojú ìwọ̀n náà ńkọ́? Ilẹ̀, kíláàsì, àga, ilé olùkọ́ àti kànga, ọrùn ìjọ àti ìlú ni wọ́n wà. Èyí kì í ṣe ti Ìkálẹ̀ nìkan. Ní Iléṣà, Ẹgbẹ́ Àtúnlùúṣe ló dá Ilesa Grammar School sílẹ̀ ní ọdún 1934. Ní Adó-Èkìtì, tí òun náà wà nínú Ìpínlẹ̀ Oǹdó títí di ọdún 1996, ibi tí Christ's School ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1933, ìjọ àti ará ìlú ni wọ́n jọ gbé e ró.

Ọ̀nà tí àwọn baba wa fi ń kó owó jọ yẹ ní mímọ̀, nítorí pé títí di òní a ṣì ń tọ̀ ọ́. Ọ̀wẹ̀ ni àkọ́kọ́. Àwọn ọ̀dọ́ òde òní máa ń da ọ̀wẹ̀ pọ̀ mọ́ àáró, bẹ́ẹ̀ wọ́n yàtọ̀. Nínú àáró, ẹni tí a bá ṣe oko lónìí yóò bá wa ṣe tiwa lọ́la. Gbèsè iṣẹ́ ni. Nínú ọ̀wẹ̀, gbogbo ènìyàn péjọ lórí iṣẹ́ kan ṣoṣo, ẹni tó pè é ń pèsè oúnjẹ, kò sì sí ẹni tí yóò bi í pé ìgbà wo ni yóò san án padà. Ọ̀wẹ̀ ni a fi ń ṣán igbó, tí a fi ń po amọ̀, tí a fi ń ru igi òrùlé. Ẹni tí kò ní kọ́bọ̀ ní apá.

Ìkórè ni ìkejì. Àwọn onígbàgbọ́ a kó iṣu, ọ̀gẹ̀dẹ̀, adìyẹ àti epo pupa wá sí ilé ìjọsìn, wọn a sì ṣe gbàǹjo wọn. Iṣu tí ẹnikẹ́ni lè fi owó kékeré rà lọ́jà lè di ìlọ́po mẹ́wàá níbẹ̀, nítorí pé kì í ṣe iṣu ni wọ́n ń rà. Lẹ́yìn náà ni owó tí a pín fún agboolé kọ̀ọ̀kan, èyí tí àwọn ọmọ ìlú tó wà ní ìdálẹ̀ náà máa ń fi tiwọn ránṣẹ́ sí. Ní ilẹ̀ ọ̀pẹ bí tiwa, ìgbà tí ẹyìn bá so dáadáa ni owó máa ń wọlé, ìgbà náà sì ni ọlọ́gbọ́n ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ máa ń béèrè.

Kí ni ọmọ tó wọ irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ń bá pàdé? Agogo ni yóò kọ́kọ́ bá pàdé, nítorí pé agogo ló ń jí i, òun ló ń pè é sí àdúrà, òun ló ń lé e wọ kíláàsì. Orin ìyìn àti kíka Bíbélì ló ń ṣí ọjọ́. Lẹ́yìn ẹ̀kọ́, àdá kan owó rẹ̀: iṣẹ́ ọwọ́ wà nínú ìlànà ilé-ẹ̀kọ́, koríko ilẹ̀ tiwa sì ń yára hù, nítorí òjò wa pọ̀. Àwọn ọmọ tó ń gbé inú ọgbà ń pọn omi, wọ́n ń fọ aṣọ ní ọjọ́ Sátidé, wọ́n sì ń retí ọjọ́ ìbẹ̀wò bí ẹni retí ọdún. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kékeré ni kò gbé inú ọgbà rí. Ọmọ tó wá láti abúlé oko tàbí láti etídò a máa gbé lọ́dọ̀ ìbátan, tàbí kí òun àti ọmọ méjì mìíràn jọ háyà yàrá kan láàárín ìlú, kí wọ́n máa dáná fúnra wọn, kí wọ́n sì máa padà sílé ní òpin ọ̀sẹ̀ láti lọ kó oúnjẹ. Àwọn ọmọ wọ̀nyí ni a máa ń gbàgbé nígbà tí a bá ń ṣírò owó. Ìwé àkọsílẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ fi hàn pé owó kan ṣoṣo ni wọ́n jẹ. Kò fi owó yàrá hàn, kò fi owó epo ìdáná hàn.

A fẹ́ kí àwọn tó ń jókòó pinnu iye owó ìdáwó máa ronú kan pùpúrù. Ọ̀pọ̀ ìyá ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀ àti Ìlàjẹ ni wọ́n fi ń rán ọmọ níwèé. A ó hú ẹ̀gẹ́, a ó bó o, a ó rẹ ẹ́ sínú omi fún ọjọ́ mélòó kan títí yóò fi rọ̀. A ó fún omi rẹ̀ dànù, a ó ṣa okùn inú rẹ̀, a ó mọ ọ́n ní òbìrìkìtì, a ó sì tò ó sórí iná kí ooru àti èéfín gbẹ ẹ́. Lẹ́yìn èyí ni a ó tó ha ara dúdú rẹ̀ kúrò, tí a ó gún inú funfun, tí a ó sì kù ú. Ẹgbẹ̀rún méjì náírà tí ìgbìmọ̀ kan fẹnu kò lé lórí ní ìṣẹ́jú márùn-ún lè jẹ́ iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan fún irú ìyá bẹ́ẹ̀, bí ó bá sì ní ọmọ mẹ́ta ní ilé-ẹ̀kọ́, kí a ṣírò ó.

Ní àárín àwọn ọdún 1970, ìjọba gba àkóso àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ ní apá ibí yìí, orúkọ wọn nìkan ni wọn kò yí padà ní ọ̀pọ̀ ibi. Nígbà tí Olóyè Michael Adékúnlé Ajáṣin di gómìnà Ìpínlẹ̀ Oǹdó ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹwàá ọdún 1979, ẹ̀kọ́ di ọ̀fẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ girama pẹ̀lú. Ó yẹ kí a rántí pé ọkùnrin náà kì í ṣe àjèjì sí ọ̀rọ̀ owó ilé-ẹ̀kọ́. Ó ti jẹ́ ọ̀gá àgbà Imade College ní Ọ̀wọ̀ láti ọdún 1947, ó sì dá Owo High School sílẹ̀ ní ọdún 1963. Ó mọ ohun tí ó ń ná ènìyàn láti gbé kíláàsì kan dúró, ó sì mọ ojú ọmọ tí a lé sílé.

Nítorí náà, ìdáhùn ìbéèrè èkíní nìyí. Ilé-ẹ̀kọ́ tó ń jẹ́ orúkọ ìjọ, ṣùgbọ́n tí ìjọba ń san owó oṣù olùkọ́ rẹ̀, ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba ni. Ilé-ẹ̀kọ́ tí ìjọ tàbí ẹnìkan dá sílẹ̀, tó ń san owó olùkọ́ rẹ̀ fúnra rẹ̀, ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni ni, bó ti wù kí ó kéré tó. Ó gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ ìjọba, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ láti gba owó ilé-ẹ̀kọ́ tí òun àti òbí jọ ṣàdéhùn lé lórí. Ẹ béèrè ìwé àṣẹ náà kí ẹ tó fi ọmọ síbẹ̀.

Ìdáhùn ìbéèrè kejì dá lórí èyí. Òfin Ẹ̀kọ́ Ìpìlẹ̀ ti ọdún 2004, èyí tí ìjọba àpapọ̀ ṣe, sọ pé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ ní girama jẹ́ dandan, ó sì jẹ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba. Ẹni tó bá gba owó fún ohun tí òfin ní kí ó jẹ́ ọ̀fẹ́ ti rú òfin, ìtanràn rẹ̀ lè tó ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà, tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta, tàbí méjèèjì. Òfin kan náà kò dá òbí sí: òbí tí kò bá rán ọmọ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ yóò kọ́kọ́ gba ìbáwí, lẹ́yìn náà ni ìtanràn. Ọdún mẹ́ta kejì ní girama kò sí lábẹ́ òfin yìí. Ìlànà tí ìjọba ìpínlẹ̀ bá là sílẹ̀ ni a ń tẹ̀lé níbẹ̀. Owó tí ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ bá fẹnu kò lé lórí láti fi tún òrùlé ṣe jẹ́ ohun rere, a sì ń gbóríyìn fún àwọn tó ń dá a. Ṣùgbọ́n kò sọ ẹ̀tọ́ ọmọ di ohun títà. Ìgbìmọ̀ lè lọ bá òbí sọ̀rọ̀ nílé, ó lè fún un ní àkókò, ó lè gba iṣẹ́ ọwọ́ dípò owó bí a ti ń ṣe níbi ọ̀wẹ̀. Kò gbọdọ̀ ti ọmọ síta.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn náà wọ inú ọ̀ràn yìí. Abala kejìdínlógójì nínú Ìwé Òfin ọdún 1999 sọ pé a kò gbọ́dọ̀ fi ipá mú akẹ́kọ̀ọ́ gba ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn, tàbí kópa nínú ìsìn, tí kì í ṣe tirẹ̀ tàbí èyí tí òbí rẹ̀ fọwọ́ sí. Òfin náà kò dí ìjọ lọ́wọ́ láti kọ́ àwọn ọmọ tirẹ̀ ní ẹ̀sìn wọn ní ilé-ẹ̀kọ́ tí ìjọ náà ń gbọ́ bùkátà rẹ̀ pátápátá. Ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba tó ń jẹ́ orúkọ ìjọ, nígbà náà, ìjọ lè ṣe ìkórè kí ó sì fi owó rẹ̀ ran ilé-ẹ̀kọ́ lọ́wọ́. Àpò ìwé ìkórè ni kò yẹ kí a fi lé ọmọ Mùsùlùmí tàbí ọmọ oníṣẹ̀ṣe lọ́wọ́ bí ẹni pé gbèsè ni.

Ní ti ayẹyẹ ìkówójọ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde ń ṣe, ibi tí omi ti ń jò ni ìlérí. Ẹni ńlá kan gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó pe mílíọ̀nù kan, ìlù dún, a kọ ọ́ sílẹ̀. Oṣù mẹ́fà kọjá, owó kò dé, ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ ti gba bíríkìlà síṣẹ́ lórí ìlérí náà. Bí a ṣe ń ní ògiri tó dúró láìní òrùlé nìyí, tí òjò ilẹ̀ Ìkálẹ̀ yóò sì wó o. Ìmọ̀ràn wa ni pé kí a máa fi owó tó wà ní báńkì nìkan ṣètò iṣẹ́, kí a parí kíláàsì kan kí a tó fi ìpìlẹ̀ òmíràn lélẹ̀. Kí àkáǹtì náà jẹ́ ti ilé-ẹ̀kọ́, kì í ṣe ti ẹnìkan, kí ó sì ju ẹnìkan lọ tí yóò máa fọwọ́ sí i kí owó tó jáde. Kí gbogbo ẹni tó san gba rìsíìtì. Kí a kọ iye tó wọlé àti iye tó jáde sórí pátákó níbi tí ìyá olùtà pùpúrù náà ti lè rí i, ní èdè Yorùbá. Ìgbìmọ̀ àkóso ilé-ẹ̀kọ́, nínú èyí tí aṣojú ìlú, òbí, olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ wà, lágbára láti béèrè ìṣirò náà, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni ka ìbéèrè wọn sí àrífín.

Bí a bá lé ọmọ yín sílé nítorí owó ìdáwó, ẹ kọ́kọ́ lọ bá ọ̀gá àgbà ilé-ẹ̀kọ́, lẹ́yìn náà alága ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́. Bí kò bá níyanjú, ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ ìjọba ìbílẹ̀ yín ni kí ẹ kọ ìwé sí fún ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, Ilé-iṣẹ́ Ètò Ẹ̀kọ́ ní Àkúrẹ́ sì ni fún ọmọ girama. Ẹ kọ orúkọ ilé-ẹ̀kọ́, kíláàsì ọmọ, ọjọ́ tí wọ́n lé e, iye owó tí wọ́n béèrè àti ohun tí wọ́n ní àwọn fẹ́ fi ṣe. Bí rìsíìtì tàbí ìwé ìbéèrè owó bá wà lọ́wọ́ yín, ẹ̀dà rẹ̀ ni kí ẹ fi ránṣẹ́, kí èyí tí a kọ́kọ́ fún yín wà nílé.