Ìdíje Ẹ̀ka Mẹ́ta Nínú Ilé: Kí O Tó Fò Sómi, Mọ Ara Rẹ

Púpọ̀ nínú yín ni ó ní ọmọ ní òkè òkun. Àwọn ọmọ wọ̀nyí a sì máa fi àwòrán ara wọn ránṣẹ́ sílé nínú aṣọ eré ìje, tí òógùn ti bò wọ́n. Àwọn ìyá a máa bi mí ní dìsípẹ́ńsárì pé, “Nọ́ọ̀sì, irú eré wo rèé? Kò ní pa ọmọ mi lára?” Mo lè dáhùn wàyí, nítorí pé èmi náà ti ṣe é lẹ́ẹ̀kan.

Ní ìparí ọdún 2023, mo gba ìsinmi gígùn lẹ́nu iṣẹ́, mo sì lọ sí Chicago ní Amẹ́ríkà láti bá àbúrò mi tọ́jú ọmọ tuntun. Ìgbà òtútù ni. Yìnyín bo gbogbo ilẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó fẹ́ lúwẹ̀ẹ́ ní ìta. Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, àwọn ilé eré ìdárayá kan a máa gbé ìdíje tí wọ́n ń pè ní triathlon wọ inú ilé. Ọkọ àbúrò mi ti forúkọ sílẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Àǹtí, ẹ̀yin tí ẹ máa ń gba gbogbo ayé níyànjú pé kí wọ́n máa ṣe eré ìdárayá, ẹ wá ṣe tiyín kí a rí i.” Ojú tì mí láti kọ̀.

Ẹ̀ka mẹ́ta ni eré yìí ní: ìlúwẹ̀ẹ́, kẹ̀kẹ́ gígùn àti eré sísá, a ó sì ṣe wọ́n tẹ̀lé ara wọn. Ní San Diego ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀ ti òde òní ní ọdún 1974. Ó wọ ìdíje Òlíńpíìkì ní Sydney ní ọdún 2000. Níbẹ̀, eléré a lúwẹ̀ẹ́ fún mítà 1,500, a gun kẹ̀kẹ́ fún kìlómítà 40, a sì sáré kìlómítà 10. Ti inú ilé kò le tó bẹ́ẹ̀. Àkókò ni wọ́n ń fún ènìyàn, wọn a sì wo bí ó ti rìn jìnnà tó láàrin rẹ̀. Nínú èyí tí mo ṣe, ìṣẹ́jú 10 ni ti omi, 30 ni ti kẹ̀kẹ́ tí kì í kúrò lójú kan, 20 sì ni ti ẹ̀rọ tí a ń sáré lórí rẹ̀. Wọ́n fún wa ní àyè díẹ̀ láàrin wọn láti pààrọ̀ aṣọ. Ẹni tí ó yára àti ẹni tí ó falẹ̀, fèrè kan náà ni yóò dá wọn dúró. Ìdí nìyí tí ó fi dára fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n fún mi ní ìwé ìforúkọsílẹ̀, ìbéèrè wà nínú rẹ̀. Ǹjẹ́ o ní àrùn ọkàn tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru? Ǹjẹ́ àyà máa ń dùn ọ́ bí o bá ń ṣe iṣẹ́ agbára? Ǹjẹ́ òòyì máa ń kọ́ ọ? Mo ti fẹ́ kọ “Rárá” sí gbogbo rẹ̀. Ìgbà náà ni mo rántí pé ó ti lé ní ọdún méjì tí mo ti wọn ẹ̀jẹ̀ ríru ara mi gbẹ̀yìn, èmi tí mò ń wọn ti ogúnlọ́gọ̀ ènìyàn ní òwúrọ̀ kan ṣoṣo! Mo wọ̀n ọ́ ní ọjọ́ náà: 152 lórí 96. Mo tún un wọ̀n ní ọjọ́ kejì àti ọjọ́ kẹta, kò wálẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni orí kò fọ́ mi, ara kò sì ro mí. Bí àrùn yìí ti í ṣe nìyẹn. A máa ba ọkàn, kíndìnrín àti ọpọlọ jẹ́ láìkan ilẹ̀kùn.

Dókítà tí mo lọ rí kò ní kí n jókòó sílé. Ó fún mi ní oògùn, ó ní kí n máa fi ẹsẹ̀ rìn lójoojúmọ́, kí n má sì bá ẹnikẹ́ni díje títí ẹ̀jẹ̀ náà yóò fi rọlẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ó di 130 lórí 82. Ó wá yọ̀ǹda fún mi. Nítorí náà, kì í ṣe oṣù December tí mo fẹ́, oṣù March ọdún 2024 ni mo tó díje.

Ẹ̀pẹ́ ni mo ti dàgbà, mo sì mọ omi díẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n fun fèrè, mo rí ọmọdébìnrin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi tí ń lọ bí ẹja, mo sì ní kí n bá a lọ. Kí ìṣẹ́jú méjì tó pé, èémí tán. Mo di etí adágún mú bí ọmọ tí ń kọ́ ìrìn. Nígbà tí ara balẹ̀, mo fi ẹ̀yìn lélẹ̀ lórí omi, mo sì ń wọ́ lọ jẹ́jẹ́ títí àkókò fi pé. Lórí kẹ̀kẹ́, ara mi yá. Ṣùgbọ́n bí mo ti gun ẹ̀rọ ìsáré, ẹsẹ̀ mi wúwo bí àpò gàrí. Ẹ má ṣe jẹ́ kí èyí dẹ́rù bà yín, bẹ́ẹ̀ ni ó máa ń rí lẹ́yìn kẹ̀kẹ́. Mo rìn fún ìṣẹ́jú mẹ́ta kí n tó sáré. Ẹ̀yìn ni mo wà nínú èsì, ṣùgbọ́n mo parí rẹ̀.

Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe é, ìmọ̀ràn mi rèé:

Èkínní, wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ, kí o sì rí dókítà bí o bá ní àìsàn kan tàbí bí ó bá ti pẹ́ tí o ti ṣe eré ìdárayá.

Èkejì, bí o kò bá mọ omi, gba olùkọ́ ná. Ọjọ́ ìdíje kọ́ ni a ń kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́.

Ẹ̀kẹta, bẹ̀rẹ̀ jẹ́jẹ́. Bí o bá lè sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tí o kò lè kọrin, ìwọ̀n rẹ dára. Bí o kò bá lè sọ gbólóhùn kan tán, dẹwọ́.

Ẹ̀kẹrin, jẹ oúnjẹ tí kò wúwo ní wákàtí méjì tàbí mẹ́ta ṣáájú. Iyán kọ́ o! Ẹni tí ó ń lo oògùn ìtọ̀ ṣúgà, kí ó bi dókítà rẹ̀ léèrè bí yóò ti jẹun, kí ó sì ní ohun dídùn lọ́wọ́, kí ṣúgà ara rẹ̀ má baà já wálẹ̀.

Ẹ̀karùn-ún, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ SS kò gbọdọ̀ ṣe é láìjẹ́ pé dókítà rẹ̀ fọwọ́ sí i, nítorí omi tútù lè dá ìrora sílẹ̀. Ẹni AS lè ṣe é, ṣùgbọ́n kí ó mu omi, kí ó sì sinmi bí iṣan bá ń ro ó.

Ẹ̀kẹfà, bí àyà bá ń dùn ọ́, tí òòyì ń kọ́ ọ, tàbí tí èémí kò bálẹ̀, dúró kí o sì pe ènìyàn. Bí eré bá parí, má ṣe dúró gbọnrangandan. Máa rìn fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ̀jẹ̀ má baà jókòó sí ẹsẹ̀ kí o sì dákú.

Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé, ẹ̀yin tí ẹ kò ní adágún tàbí ẹ̀rọ, ìrìn kíákíá fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, pé 150 ìṣẹ́jú tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà má ṣe dín kù sí. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ yà sí dìsípẹ́ńsárì tí ó súnmọ́ yín, kí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru yín. Èmi náà ti ń wọn tèmi ní ọjọ́ kìíní oṣù kọ̀ọ̀kan, kí àwọn aláìsàn mi tó dé.

Ìlera loògùn ọrọ̀. Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.